Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé kẹ̀kẹ́ fọ́mọdé

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n tí wọ́n ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá n'Íbàdàn yìí ti sú mi pátápátá. Òfin ní ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò lè gba láísẹ́ńsì, àmọ́ ẹ dúró sí Mókọ́lá láàárọ̀ kẹ́ ẹ wá wò ó. Ọwọ́ kan lọ́kan nínú wọn máa fi di kẹ̀kẹ́ mú, fóònù á wà lọ́wọ́ kejì. Á já wọ wan-wéè, á fẹ́rẹ̀ẹ́ gun orí ẹ̀fọ́ tí ìyá kan pàtẹ sẹ́bàá títì. Tẹ́ ẹ bá ní kó rọra, ṣe ló máa yí orin sókè sí i!

Àwọn tó ni kẹ̀kẹ́ gan-an ni mò ń bá wí. Owó tọ́mọ náà máa mú wá fún yín nírọ̀lẹ́ nìkan lẹ mọ̀. Ẹ ò bi í pé níbo ló ti kọ́ṣẹ́, ẹ ò wò ó bóyá ó mọ ìgbà tó yẹ kó tẹ bíréèkì. Ọmọ tẹ́ ò lè fi ìkókó yín sílẹ̀ fún lẹ kó èrò mẹ́rin lé lọ́wọ́. Ó ti tó gẹ́ẹ́. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ ẹ̀ lónìí, kó tó pa ọmọ ọlọ́mọ.