Ta ló sọ fún yín pé Skọ́tílándì nìkan ló ni fèrè alápò (bagpipe)?

Ẹ gbà mí o. Lánàá mo gbé fídíò ẹgbẹ́ Auļi sí status mi, àwọn olórin Látífíà tó máa ń fọn fèrè alápò pẹ̀lú ìlù ńlá, ni ọ̀rẹ́ mi kan bá ní "ṣé àwọn yìí náà ti di ará Skọ́tílándì ni?" Látìgbà tí mo ti dé Riga, olú ìlú Látífíà, ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, pé ńṣe ni wọ́n jí fèrè náà lọ́wọ́ Skọ́tílándì, ó ti sú mi.

Dūdas ni wọ́n ń pe fèrè náà níbí. Torupill ni ti Ẹstóníà tó múlé tì wọ́n, gaida ni ti Bùlgáríà, kódà Túnísíà ní mezoued. Ní 1514, ayàwòrán Albrecht Dürer ya ọkùnrin kan ní Jámánì tó fẹ̀yìn ti igi tó ń fọn tiẹ̀. Ṣé Skọ́tílándì nìyẹn náà?

Àmọ́ èyí tó dá mi lójú jù ni èyí tí mo fojú ara mi rí. Mo lọ sí Alsunga, lápá ìwọ̀ oòrùn Látífíà, níbi táwọn Suiti ń gbé, Kátólíkì láàárín àwọn Lútérà, àwọn tí UNESCO kọ àṣà wọn sílẹ̀ ní 2009 pé kí wọ́n tètè dáàbò bò ó. Bàbá kan gbé dūdas fún mi dì mú. Ti Skọ́tílándì máa ń ní ọ̀pá mẹ́ta tó ń hùn lórí èjìká, èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan péré ni. Fọ́tò Pēteris Šeflers, ará Alsunga níbẹ̀, ṣì wà tó ń fọn dūdas tiẹ̀, 1945 ló sì kú. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹgbẹ́ olórin ìbílẹ̀ Skandinieki bẹ̀rẹ̀ ní 1976 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ jí i kó níbì kan, kí wá ni Šeflers gbé há abíyá?

Wọ́n á ní ó jọra. Ṣebí àpò ni, fèrè ni, kí lẹ fẹ́ kó jọ? Kàlàngú Haúsá náà jọ gángan wa, mi ò tíì gbọ́ kẹ́nikẹ́ni pè wọ́n lólè.

Ó dáa, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parun kí wọ́n tó jí i dìde, àwọn tó ń ṣe é lónìí sì lè ti wo ọwọ́ ará ibòmíì díẹ̀. Ìyẹn ò sọ ọ́ di ti Skọ́tílándì.

Gbogbo èyí ni mo tẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi lálẹ́ àná. Ó fèsì láàárọ̀ yìí: "Mo ti gbọ́. Yẹ̀rì kílíìtì wọn wá dà?"