Captain America kọ́ ló dá Avengers sílẹ̀ o, ẹ yé parọ́ fáwọn ọmọ

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Láti Sábó dé Agric, kò sí ṣọ́ọ̀bù bábà tí wọ́n ti ń jiyàn lórí Avengers, ẹgbẹ́ àwọn akọni alágbára inú kọ́míìkì Marvel, tí ẹnì kan ò ní ki ẹnu bọ̀ ọ́ pé "Captain ló dá wọn sílẹ̀ jàre, òun ni ọ̀gá wọn látìbẹ̀rẹ̀," tí gbogbo ilé á sì gbà á fún un bí ẹni pé ó wà ńbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Irọ́ funfun báláú ni.

Ẹ lọ wo kọ́míìkì àkọ́kọ́ fúnra ẹ̀. Avengers nọ́ńbà 1, Stan Lee ló kọ ọ́, Jack Kirby ló ya àwòrán ẹ̀, September 1963 ni wọ́n kọ sí i lára, sẹ́ǹtì 12 péré ni wọ́n ń tà á nígbà yẹn. Ẹ ṣí i láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹ ò ní rí Captain, ẹ ò ní rí asà ẹ̀. Iron Man, Thor, Hulk, Ant-Man àti Wasp, àwọn márùn-ún yẹn ni, kò sí ẹlòmíì.

Fíìmù 2012 yẹn ló fa gbogbo wàhálà yìí. Ọ̀pọ̀ wa, orí DVD tí wọ́n máa ń kó fíìmù mẹ́wàá sínú ẹyọ kan la ti kọ́kọ́ rí Avengers, nínú fíìmù yẹn sì rèé, Captain ló ń pín iṣẹ́ fún oníkálukú nígbà tí ogun dé, ìwọ lọ sókè, ìwọ dúró síbí, wọ́n yọ Ant-Man àti Wasp kúrò pátápátá, wọ́n fi Hawkeye àti Black Widow dípò wọn. Ẹ wá gbọ́ o: ní September 1963, wọn ò tíì dá Hawkeye àti Black Widow yẹn rárá! 1964 làwọn méjèèjì yọjú, inú kọ́míìkì Iron Man ni wọ́n sì ti yọjú, ọ̀tá ẹ̀ ni wọ́n bá débẹ̀. Black Widow tiẹ̀ di 1973 kó tó di mémbà gidi.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ gbọ́ tèmi, Loki, àbúrò Thor tó jẹ́ òrìṣà ẹ̀tàn, ló dá Avengers sílẹ̀. Mi ò ṣàwàdà. Wọ́n ti dè é mọ́lẹ̀ ní Asgard, ìlú àwọn òrìṣà, inú ń bí i sí Thor, ó ń wá bó ṣe máa gbẹ̀san, ló bá fidán jẹ́ kí Hulk rí dáínámáìtì lójú irin, Hulk fò lọ síbẹ̀ kó má bàa bú, ibi tó ti ń ṣe gìràgìrà ló ti ba ojú irin jẹ́ tí ọkọ̀ sì ń bọ̀. Òun náà ló tún gbé e dúró tí ọkọ̀ fi kọjá, àmọ́ ta ló rí ìyẹn? Wọ́n ní Hulk ti ya wèrè, kí wọ́n mú un. Rick Jones tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá fi rédíò ké sí Fantastic Four, ẹgbẹ́ akọni mìíràn, Loki yí ìpè yẹn gba ọ̀dọ̀ Thor torí Thor ló ń wá, kò mọ̀ pé Iron Man, Ant-Man àti Wasp náà ti gbọ́ ọ. Bí wọ́n ṣe kó ara wọn jọ nìyẹn, ìjọba kankan ò pè wọ́n, Nick Fury tó kó wọn jọ nínú fíìmù ò sí ńbẹ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ibi tí Hulk ti lọ sá pamọ́ sínú sákọ́ọ̀sì, wọ́n kun ojú ẹ̀ bíi ti aláwàdà, ó ń ṣe bíi róbọ́ọ̀tì fáwọn tó sanwó wá wòran. Hulk o! Ìparí ẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó. Loki ti sọ ara ẹ̀ di eléwu tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, tí wọn ò lè sún mọ́, èèyàn á rò pé ogun gidi fẹ́ ṣẹlẹ̀, àfi bí àwọn èèrà tí Ant-Man ń pàṣẹ fún ṣe ṣí ilẹ̀kùn kan lábẹ́ ẹ̀, ó já sínú táńkì olójé tí ìtànṣán ò lè gbà jáde, ó tán. Odidi òrìṣà, èèrà ló mú un.

Captain ńkọ́? Nọ́ńbà 4 ló dé, March 1964. Inú yìnyín ló wà látìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, Namor, ọba abẹ́ òkun, ló fi ìbínú jù ú sómi, àwọn Avengers ló wá rí i níbi tó ti ń léfòó. Àlejò ni. Nígbà yẹn Hulk ti bínú kúrò láti nọ́ńbà 2.

Àwọn kan á ní "àmọ́ Captain ló dàgbà jù." Òótọ́ ni, 1941 ló ti wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹgbẹ́ landlord àdúgbò yín, ṣé bàbá tó dàgbà jù ńbẹ̀ ló dá a sílẹ̀ ni? Ó lè jẹ́ ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n dáwó ra tiransífọ́má tán ló kó dé.

Mo gbà pé nínú kọ́míìkì fúnra ẹ̀, wọ́n padà fún Captain láyè Hulk, wọ́n sì ń kà á mọ́ àwọn olùdásílẹ̀. Ó tọ́ sí i náà, torí ní nọ́ńbà 16, May 1965, àwọn tó kù fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ sinmi, òun nìkan ló dúró pẹ̀lú Hawkeye, Quicksilver àti Scarlet Witch, àwọn mẹ́ta tó ti ṣe ọ̀tá rí, ó sì mú wọn dúró. Iṣẹ́ ọ̀gá nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ olùdásílẹ̀.

Wasp gan-an ló ń ká mi lára. Ant-Man ló dá a lábàá pé kí wọ́n kúkú jọ máa ṣe é, Wasp ló fún wọn lórúkọ Avengers, ó wà nínú kọ́míìkì yẹn gbangba, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo tíì gbọ́ kí ẹnì kan dárúkọ ẹ̀ nínú àríyànjiyàn yìí, ọmọbìnrin kékeré kan sì ni, àwọn bọ̀ọ̀dá ẹ̀ ní kó panu mọ́.