Irọ́ ni pé Yorùbá kò ṣeé fi kọ́ ìṣirò

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé èdè Yorùbá kò ṣeé fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò, pé ònkà wa ń da orí ọmọ rú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti 1970 ni Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá léwájú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò fún odindi ọdún 6. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ wọn.

Tíṣà tí a kò kọ́ bí ònkà náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ìṣòro. Láti 11 dé 14, a ń fi kún 10 ni. Láti 15 dé 19, a ń yọ kúrò nínú 20. Mẹ́rìndínlógún jẹ́ 20 − 4, ṣùgbọ́n 10 àti 6 ni ìwé ń kọ. Ọmọ tí "dín" bọ́ mọ́ létí lè kọ 24, nítorí mẹ́rìnlélógún fara jọ ọ́. Kí tíṣà kàn fi bírò pupa fa igi sí i kò tún nǹkan kan ṣe.

Kó ọmọ ayò 20 sílẹ̀. Kí ọmọ yọ 4, kó ka ìyókù, kó pè é ní mẹ́rìndínlógún. Kó wá pín in sí 10 àti 6 kó tó kọ 16. Ẹ má fo ìpín yìí, torí òun ló so ohun tí etí gbọ́ mọ́ ohun tí ọwọ́ ń kọ.

Ìgbà tí èyí bá yé e ni kí ẹ tó dé márùndínláàádọ́ta: 20 lọ́nà 3, yọ 10, yọ 5.