"Available" ni kí ẹ wò, kì í ṣe "free"

Ọ̀rọ̀ kan ń jà rànyìn pé bí 200 MB péré bá ṣẹ́ kù nínú RAM 4 GB (àyè tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí) ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń lo ètò Linux, dẹ́sítọ́ọ̀pù rẹ̀ (ètò tó ń gbé fèrèsé àti àwòrán ojú rẹ̀ jáde) ti wúwo jù, kí èèyàn yọ ọ́ kúrò. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Linux kì í fi RAM tí kò níṣẹ́ sílẹ̀ lásán. Fáìlì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ó máa ń tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀ kó lè tètè rí i mú. Bí iṣẹ́ mìíràn bá nílò àyè, á kó o kúrò kíá. Àyè tí a kàn yá lò yàtọ̀ sí àyè tí a ti gbà pátá. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ó sì ń dùn mí, torí dẹ́sítọ́ọ̀pù tí kò ṣẹ̀ ni wọ́n ń pa rẹ́.

Ẹ ṣí tẹ́mínà (fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ), kí ẹ tẹ free -h. Ẹ ó rí "free", ìyẹn àyè tó ṣófo pátápátá, àti "available", ìyẹn àyè tí iṣẹ́ tuntun lè rí lò, títí kan èyí tí a kàn yá lò. Láti orí Linux 3.14, lọ́dún 2014, ni kernel (ọkàn Linux) fúnra rẹ̀ ti ń ṣírò "available". Bí "free" bá jẹ́ 200 MB, tí "available" jẹ́ 2.5 GB, RAM yín kò tíì kún.

Bí "available" náà bá wálẹ̀ gan-an, tí swap (apá díìsìkì tí Linux ń yà lò nígbà tí RAM kò bá tó) ń gòkè, ìnira wà lóòótọ́. Ẹ kọ́kọ́ ti bíráwúsà yín ná, kí ẹ tún free -h tẹ̀.