Ẹ̀jẹ̀ Látínò kì í ṣe oògùn jẹjẹrẹ

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas. Lálẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ jókòó jẹun nínú yàrá ìsinmi. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí jù mí lọ. Ọ̀rọ̀ aláìsàn kan ló délẹ̀, ẹ̀gbọ́n bá ní: "Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Ará Mexico ni. Àwọn Látínò yìí, jẹjẹrẹ kì í sáàbà rí wọn pa. Ẹ̀jẹ̀ wọn le."

Wọn ò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Ohun tí àwọn náà gbọ́ lẹ́nu àwọn tó jù wọ́n lọ ni. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn Látínò fúnra wọn, ìyẹn àwọn tó ń gbé Amẹ́ríkà tí ìran wọn ti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Spéènì wá, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwa Yorùbá tí a wà lókè òkun yìí, débi pé kò sẹ́ni tó ń bi í wò mọ́. Èmi fẹ́ bi í wò, torí mo ti fojú mi rí ohun tó ń fà.

Ọ̀rọ̀ náà ní orírun o. Lọ́dún 1986, àwọn onímọ̀ méjì, Kyriakos Markides àti Jeannine Coreil, kọ̀wé nípa ìlera àwọn Látínò ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Wọ́n rí i pé òṣì ń bá àwọn ènìyàn wọ̀nyí fínra, ọ̀pọ̀ wọn ò ní adójútòfò ìlera, síbẹ̀ ìlera wọn sún mọ́ ti àwọn òyìnbó ju ti àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n jọ tálákà lọ. Ó rú wọn lójú, wọ́n sì pè é ní àdììtú. Lọ́dún 2021, American Cancer Society, àjọ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, gbé ìṣirò tirẹ̀ jáde: ìwọ̀n tí jẹjẹrẹ fi ń mú àwọn Látínò àti ìwọ̀n tó fi ń pa wọ́n fi ìdá 25 sí 30 nínú 100 kéré sí ti àwọn òyìnbó. Wọ́n sì ti ro ti ọjọ́ orí mọ́ ọn kí wọ́n tó kéde rẹ̀, torí náà a ò lè ní torí pé ọ̀dọ́ pọ̀ nínú wọn ni. Nọ́ńbà yẹn tọ̀nà. Ìtumọ̀ tí a ń fún un ló ṣìnà.

Sìgá ni ká kọ́kọ́ wò. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló ń pa ènìyàn jù nínú gbogbo jẹjẹrẹ ní Amẹ́ríkà, sìgá ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn tó ṣí wá láti Mexico àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà kì í fi bẹ́ẹ̀ mu sìgá, pàápàá àwọn obìnrin wọn, àwọn tó ń mu ún nínú wọn kì í sì í mu púpọ̀ lójúmọ́. Ìwọ̀n ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró láàárín àwọn Látínò kò tó ìdajì ti àwọn òyìnbó. Ibẹ̀ ni èyí tó pọ̀ nínú ìyàtọ̀ yẹn ti wá. Àwọn ọkùnrin Cuba àti Puerto Rico, tí wọ́n ń mu sìgá ju àwọn yòókù lọ, rí ohun tí sìgá ń fi ojú ènìyàn rí. Bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà wọ́n, kí ló dé tí kò gba àwọn wọ̀nyí?

Ẹ tún rò ó wò: ẹni tí ara rẹ̀ le ló ń dágbére fún ilé, tó ń la aṣálẹ̀ kọjá lọ wá iṣẹ́. Nígbà tí àìsàn bá sì wọra, àwọn kan ń padà lọ kú sọ́dọ̀ ìyá wọn. Ẹni tó kú sí Michoacán ní Mexico kò sí nínú ìwé ikú Amẹ́ríkà. Èyí kò tó láti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀.

Àti pé, ta tilẹ̀ ni Látínò? Ètò ìkànìyàn ọdún 2020 ka mílíọ̀nù 62 ènìyàn sábẹ́ orúkọ yẹn. Bí mẹ́fà nínú mẹ́wàá wọn ló tan mọ́ Mexico. Àwọn ará Cuba wà ní Miami, àwọn ará Dominican Republic kún Washington Heights ní New York, àwọn ará El Salvador wà ní Los Angeles. Àwọn ìdílé kan wà ní Texas níbí tí àwọn baba ńlá wọn ti ń gbé ibẹ̀ kí Texas tó di ti Amẹ́ríkà. Kódà àwọn àtọmọdọ́mọ Lukumí, ìran Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba, bí wọ́n bá dé Miami, abẹ́ orúkọ kan náà ni wọ́n ń kọ wọ́n sí. Ẹ̀jẹ̀ wo ni gbogbo wọn jọ ní? Èdè Spéènì àti fọ́ọ̀mù ìjọba ló kó wọn pọ̀.

Nígbà tí a bá kó irú ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ́ẹ̀ pọ̀, tí a wá fi nọ́ńbà ìpíndọ́gba kan ṣojú gbogbo wọn, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Omi mu ẹnì kan dé ọrùn láàárín odò. Ó kan ẹnì kejì ní kókósẹ̀ létí odò. A pín in dọ́gba, a ní omi náà kò ju itan lọ. Ìṣirò wa kò lábùkù, àmọ́ ẹni àkọ́kọ́ ń kú lọ.

Lọ́dún 2017, onímọ̀ kan, Paulo Pinheiro, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tú ìpíndọ́gba yẹn palẹ̀, wọ́n ka ikú jẹjẹrẹ gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí kálukú ti ṣẹ̀ wá. Ó ń pa àwọn ọkùnrin Cuba àti Puerto Rico gan-an ju àwọn tó wá láti Àárín Gbùngbùn àti Gúúsù Amẹ́ríkà lọ. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe ní California àti Texas fi hàn pé àwọn tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà ń kú nípa jẹjẹrẹ ju àwọn tó ṣí wá lọ. Ìyẹn ni pé ọmọ ń kú ju òbí lọ, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló sì wà lára àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín wá sí ìpínlẹ̀ tí mo wà, torí ibí ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù. Amelie Ramirez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Antonio wo jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ láti 1995 dé 2006. Ó pọ̀ lára àwọn Látínò Amẹ́ríkà ju lára àwọn òyìnbó lọ. Ó pọ̀ lára àwọn Látínò Texas ju ti Amẹ́ríkà lápapọ̀ lọ. Ti gúúsù Texas ló wá ga jù lọ. Bí ènìyàn bá ń sún mọ́ ẹnubodè, ni ó ń gòkè. Àtọ̀gbẹ pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rá ń di nínú ẹ̀dọ̀ láìsí ìrora kankan, kòkòrò hepatitis tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ wà, ọtí náà wà. Ẹ̀dọ̀ kì í pariwo. Ìgbà tí ojú bá pọ́n rokoṣo tí ikùn sì wú, ó ti bọ́.

Bí a bá sì fẹ́ sọ ti ẹ̀jẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ pérépéré. Lọ́dún 2008, àwọn onímọ̀ ní Dallas rí ìyàtọ̀ kékeré kan nínú àbùdá tí wọ́n ń pè ní PNPLA3, tó máa ń jẹ́ kí ọ̀rá tètè di nínú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dà méjì àbùdá yìí ni kálukú ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nínú gbogbo ẹ̀dà tí wọ́n yẹ̀ wò, èyí tó léwu jẹ́ ìdá 49 nínú 100 lára àwọn Látínò, 23 lára àwọn òyìnbó, 17 lára àwọn aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀jẹ̀ tí a ń yìn pé ó le, ohun tó ń ṣàkóbá fún ẹ̀dọ̀ ló tún gbé dání. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ ló ti pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tó fi wọ́pọ̀ lára ará Mexico ju ará Cuba lọ.

Ìṣirò 2021 yẹn kan náà sọ èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nígbà tí wọ́n bá ń tún un sọ: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ àti ti àpòlúkù ń mú àwọn Látínò ní bí ìlọ́po méjì ti àwọn òyìnbó. Jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ fi ìdá 32 nínú 100 ju ti àwọn obìnrin òyìnbó lọ. Ní erékùṣù Puerto Rico, ó fi ìdá 78 jù ú lọ. Ní Puerto Rico kan náà, jẹjẹrẹ próstéètì ló ń pa ọkùnrin jù nínú jẹjẹrẹ gbogbo, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ni láàárín àwọn ọkùnrin Látínò tó wà lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà gan-an. Nígbà tí ìjì Maria jà níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, iná mànàmáná lọ káàkiri erékùṣù, ìtọ́jú àwọn oníjẹjẹrẹ sì dúró lójijì. Lẹ́yìn ọdún kan, ìjọba ibẹ̀ fi abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, sára ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ gbà kó tó wọ ilé-ìwé. Ìyẹn dára gan-an.

Jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ ló máa ń bí mi nínú jù. Ó máa ń gbà tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà tí kòkòrò HPV bá wọlé títí ó fi di jẹjẹrẹ, àyẹ̀wò Pap, tí wọ́n fi ń yẹ ọrùn ilé-ọmọ wò, tí kì í sì í pẹ́ rárá, lè rí i kó tó dà bẹ́ẹ̀.

Obìnrin kan wà tí n kò ní gbàgbé. Àfonífojì Rio Grande ló ti wá, létí ẹnubodè Mexico. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń túmọ̀ fún wa. Ó yọ kálẹ́ńdà kékeré kan nínú báàgì, irú èyí tí àwọn ìsọ̀ ẹran máa ń fún oníbàárà lọ́dún tuntun. Ó ti fi bírò pupa sàmì sí gbogbo ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ dà lára rẹ̀, oṣù dé oṣù, bí ẹni ń kọ gbèsè sílẹ̀. Oṣù mọ́kànlá. Bẹ́ẹ̀, nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá tipẹ́. Mo béèrè ìgbà tó ṣe àyẹ̀wò kẹ́yìn. Ó na ìka sí ọmọ rẹ̀: ìgbà tó bí i ni. Mo béèrè ohun tó dá a dúró láti ìgbà yẹn. Ọmọ náà kọ́kọ́ dákẹ́, kó tó túmọ̀ ohun tí ìyá rẹ̀ wí: "Wọ́n ní irú wa kì í ní in."

Ìdí kejì ni ọ̀nà. Láti Àfonífojì dé Houston, ọkọ̀ ń rìn ju wákàtí márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó jìnnà, ní Falfurrias tàbí ní Sarita, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè dúró sójú títì, wọ́n ń béèrè ìwé. Ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú kò lè kọjá. Ilé ìwòsàn jẹjẹrẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, MD Anderson, wà ní Houston, ní ìpínlẹ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé inú òṣùpá ló wà. Ìgbà tí ìwé rẹ̀ jáde ló tó kọjá Falfurrias.

Texas ni àwọn tí kò ní adójútòfò ìlera pọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀ láti na Medicaid, ètò ìjọba tó ń sanwó ìtọ́jú fún àwọn tálákà, dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ tálákà sí i, California àti New York gbà á ní 2014. Texas àti Florida kọ̀. Lọ́dún 2011, àwọn aṣòfin Texas gé bí ìdá méjì nínú mẹ́ta owó ìfètòsọ́mọbíbí kúrò, àwọn ilé ìtọ́jú kéékèèké tí àwọn obìnrin tálákà ti ń ṣe Pap sì tilẹ̀kùn. Obìnrin Mexico kan náà, bó bá jẹ́ Los Angeles ló ti sọ̀ kalẹ̀ tí kì í ṣe McAllen ní Àfonífojì, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀.

Àwa Yorùbá kò gbọ́dọ̀ fi ojú àlejò wo ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ilé wa mélòó ni kò tíì gbọ́ ọ pé àìsàn òyìnbó ni jẹjẹrẹ? A gbé ìyá wa dé ilé ìwòsàn nígbà tí ọmú ti jẹrà, a ní a ò mọ̀ pé irú rẹ̀ ń ṣe wá.

Mo sọ gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí ènìyàn ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Mo ní nínú ikú márùn-ún tó ń pa àwọn Látínò, jẹjẹrẹ ló ń fa bí ọ̀kan, àti pé lọ́dún 2009 ó bọ́ síwájú àìsàn ọkàn láàárín wọn. Mo ní nínú àwọn obìnrin wọn tí jẹjẹrẹ ọmú ń mú, 59 nínú 100 ni a ń rí kó tó ràn kúrò lójú kan, nígbà tí ti àwọn òyìnbó jẹ́ 67. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ní, "Aláìsàn tí à ń sọ yẹn ńkọ́? Ibo ló ti wá?" Mo ní ìbéèrè tó yẹ ká kọ́kọ́ bi í nìyẹn: ibi tí àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ibi tó ń gbé báyìí, ìgbà tó ṣe àyẹ̀wò kẹ́yìn.

Ní ti obìnrin oníkálẹ́ńdà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá iṣẹ́ abẹ nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ló máa ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò yẹn. Mo ní ọmọ ọdún 21. Ó ní òun ti pé 26. Ó gba kálẹ́ńdà náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí mi, ó ní kí n kọ ibi tí òun yóò lọ síbẹ̀.