Kí Wọ́n Tó Lu Ihò Àkọ́kọ́, Kí Ìpín Onílẹ̀ Ti Wà Nínú Ìwé

Ní ọdún 2009, ilé-iṣẹ́ tó gba àṣẹ láti wá pílátínọ́ọ̀mù, irin olówó iyebíye, ní Waterberg, lápá àríwá South Africa, ń wá ẹni tí wọn yóò jọ náwó. JOGMEC, àjọ ìjọba Japan, gbà láti ná mílíọ̀nù 3.2 dọ́là láàárín ọdún mẹ́rin, kí ìpín 37 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ náà lè di tirẹ̀. Nígbà tó di ọdún 2017, tí irin náà ti fojú hàn, mílíọ̀nù 30 dọ́là ni Impala Platinum, ilé-iṣẹ́ ìwakùsà kan, san fún ìpín 15 nínú ọgọ́rùn-ún péré.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ará Ṣábẹ, ní orílẹ̀-èdè Benin wa, fi sọ́kàn nìyẹn. Ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ni ìpín ń pọ̀, tí owó rẹ̀ sì kéré. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí wọ́n rí i, ẹ̀yìn ló wà.

A kò bínú sí àjọṣe àwọn ilé-iṣẹ́. Iṣẹ́ ìwákùsà gbówó lórí, ọ̀pọ̀ ihò ni wọ́n ń lu tí wọn kì í bá nǹkan kan níbẹ̀, ó sì tọ́ kí wọ́n jọ gbé e. South Africa nìkan ló ni èyí tó ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún pílátínọ́ọ̀mù àti àwọn irin ẹbí rẹ̀ tí ayé mọ̀ sí, irin tí wọ́n fi ń sọ èéfín mọ́tò di mímọ́. Kò lè yà wá lẹ́nu bí wọ́n bá ń wá a kiri ibòmíràn. Ohun tí a kọ̀ ni kí ilé-iṣẹ́ méjì jókòó sí òkè òkun, kí wọ́n pín ilẹ̀ láàárín ara wọn, kí àgbẹ̀ tó ni oko kajú máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń lu ihò.

Àwọn kan á ní òfin Benin ti fi ohun abẹ́ ilẹ̀ fún ìjọba. Bẹ́ẹ̀ ni. Ìjọba kan náà ló ń buwọ́ lu ìwé àṣẹ, ó sì lè kọ ìpín ìlú sínú rẹ̀. Wọ́n á ní oníṣòwò á sá. Ẹ wo àwọn Bafokeng, ẹ̀yà kan ní Rustenburg, South Africa: láyé àtijọ́, àwọn ọ̀dọ́ wọn lọ ṣiṣẹ́ níbi dáyámọ́ńdì ní Kimberley, wọ́n fi owó rẹ̀ ra ilẹ̀ baba wọn padà. Nígbà tí pílátínọ́ọ̀mù jáde níbẹ̀, ilẹ̀ náà ti jẹ́ tiwọn. Ní 2002, ilé-iṣẹ́ Anglo Platinum bá wọn ṣe àjọṣe ìdajì-ìdajì níbi ìwakùsà Bafokeng-Rasimone. Kò sá.

Àwa náà mọ àjọṣe. Benin àti Nàìjíríà ló jọ dá ilé-iṣẹ́ ṣúgà Ṣábẹ sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ Lonrho ti London sì ní ìpín kékeré níbẹ̀. Lonrho yìí ló di Lonmin ní 1999, tó gbájú mọ́ pílátínọ́ọ̀mù. Níbi ìwakùsà rẹ̀ ní Marikana, South Africa, ni ọlọ́pàá ti yìnbọn pa òṣìṣẹ́ 34 lọ́jọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 2012, nítorí pé wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ fún owó oṣù. Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ tiwọn. Ó dùn wá gan-an.

Lónìí, wúrà Perma àti òkúta sìmẹ́ǹtì Onígbólò ni a mọ̀ jù ní Benin; a kò tíì mọ ohun tó kù lábẹ́ ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a tètè sọ̀rọ̀. A ń bẹ àwọn aṣòfin agbègbè Collines àti Plateau, pẹ̀lú àwọn ọba wa ní Ṣábẹ àti Kétu: kí àdéhùn ìwákùsà kankan má ṣe gba òǹtẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n kà á sétí aráàlú lédè tiwa. Kí ìpín ìlú wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó lu ihò àkọ́kọ́, ìpín tí kò ní dín kù bí alábàáṣe tuntun bá wọlé. Kí owó kajú àti iṣu tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ tẹ àgbẹ̀ lọ́wọ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì dí gbogbo ihò tí wọ́n bá lu kí wọ́n tó kó ẹrù wọn lọ.