Aṣọ Ẹbí Àwọ̀sùn

Bí oṣù kọkànlá bá ti ń lọ sópin báyìí, ẹ máa retí fọ́tò àwọn ará wa tó wà ní London lórí WhatsApp. Bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta, gbogbo wọn nínú aṣọ àwọ̀sùn Kérésì pupa kan náà, àwòrán àgbọ̀nrín onímú pupa kan láyà kálukú. Nílé, inú ọbẹ̀ la ti mọ àgbọ̀nrín. Àwọn ará wa ní London ń wọ̀ ọ́ sùn.

A kúkú mọ aṣọ ẹbí látilẹ̀. A ń dá ti òkú, a ń dá ti ìgbéyàwó, a ń dá ti ìkómọjáde. Ti oorun nìkan ló ṣẹ́ kù, wọ́n sì ti bá wa dá a.

Mi ò ní yọ ara mi sílẹ̀ o. Ọdún kẹta rèé tí àgbọ̀nrín ti wọlé tiwa náà. Bí a ṣe ya tọdún tó kọjá nìyí: aago méje àárọ̀, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ òru dé, níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ìyàwó mi ti gbé fóònù sórí tábìlì ìlọṣọ, ó fi agolo mílíìkì tì í lẹ́yìn. Ó ní kí n gbé àgbọ̀nrín wọ̀ lé aṣọ iṣẹ́, àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé, kò sáyè ìwẹ̀. Káàdì ibi iṣẹ́ yọjú lọ́rùn mi, ó tì í wọlé. Àbíkẹ́yìn ń sunkún òtútù, torí èmi tí mo rí bí mítà ṣe ń sáré ni mo pa hítà. "Ẹ rẹ́rìn-ín!" Ẹ̀ẹ̀kẹtàdínlógún ló tó bọ́ sí i. Èyí tí ẹ rí lẹ́nu mi nínú fọ́tò yẹn, ẹ̀rín kọ́, oorun ni.

Kíá làwọn ará ilé ti dáhùn. Ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Ẹ rántí wa nígbà tí ẹ bá dé ìjọba yín."

Ìjọba wo? Kérésì gan-an, kò sí bọ́ọ̀sì ní London, kò sí rélùwéè abẹ́ ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lọ síbi iṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àádọ́ta, torí owó ọjọ́ náà máa ń lé díẹ̀ níbi iṣẹ́ wa. Ológbò kan ni mo bá pàdé.

Wọ́n á ní ṣebí kẹ́ ẹ wálé ọdún. Ó dùn ún sọ. Mú ọmọ kúrò nílé ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan láìgbàṣẹ, kí ìwé ìtanràn wá bá ọ: láti oṣù kẹjọ ọdún 2024, pọ́n-ùn 80 ni ní England, lórí ọmọ kan, lọ́wọ́ òbí kan. Ọmọ mẹ́ta, òbí méjì, ó di 480. Bí ọjọ́ mọ́kànlélógún bá kọjá tẹ́ ẹ ò san, ó di ìlọ́po méjì. Kẹ́ ẹ wá dúró dìgbà tí wọ́n bá gba ìsinmi? Àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú náà mọ ọjọ́ tí ilé ìwé ń gba ìsinmi, wọ́n mọ̀ ọ́n jù yín lọ.

Bí àgbọ̀nrín ṣe di dandan nìyẹn. Ẹni tí ò lè wálé, ó yẹ kí wọ́n rí i pé ó ń gbádùn.

Lọ́dún yìí, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ìyàwó mi ti fa tiwa yọ. Àkọ́bí ti ga: ọwọ́ aṣọ dúró sí ìgbọ̀nwọ́, ṣòkòtò dúró sí ojúgun. Ìyàwó mi ní kò séwu, ìbàdí ni òun máa gé fọ́tò náà dé. Ó gé e, ó fi ránṣẹ́.

Ìyá mi pè. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n bi mí bóyá ilé ìwòsàn ni wọ́n dá gbogbo wa dúró sí tí a fi wọ aṣọ kan náà. Tọdún yìí, wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́.

"Ọmọ mi, àgbọ̀nrín èṣí náà lẹ ṣì ń jẹ lọ́bẹ̀?"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi gbọ́, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyẹn ò tiẹ̀ pẹ́, aago mẹ́rin ọ̀sán ni.